Ejìká Ni Kí O Kọ́kọ́ Wò

"Ọmọ náà ṣì ń dàgbà o." Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ fún mi lórí fóònù nìyẹn ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí mo sọ fún un pé èmi àti ọmọ rẹ̀ máa lọ sí Yaba láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti lọ ra kóòtù. "Bá mi ra èyí tó tóbi díẹ̀ fún un, kó lè pẹ́ lára rẹ̀." Ọmọ ọdún 23 ni ọmọ tí à ń sọ yìí. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Yunifásítì ìlú Èkó, ó ti sin ìjọba tán, wọ́n sì ti gbà á síṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Yaba. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti ga tán. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti ń bọ̀, torí inú ilé kan náà ni àwa méjèèjì ti kọ́ ọ.

Aránṣọ ni màámi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ṣómólú, láàárín àwọn atẹ̀wé, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ti ẹ̀rọ ìránṣọ ti máa ń dà pọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Òun ló ń rán yúnífọ́ọ̀mù gbogbo wa, kò sì rán èyí tó bá wa mu rí. Ṣòkòtò mi máa ń ní ìṣẹ́tí tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta nínú. Bí ọdún bá yí, màámi á fi abẹ tú u, á sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, á tún un rán. Ibi tí ìṣẹ́tí àtijọ́ wà á wá di ìlà kan lẹ́sẹ̀ ṣòkòtò náà. Apá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde á dúdú ju ìyókù lọ, torí pé oòrùn àti ọṣẹ kò tíì kàn án rí. Nígbà tí mo fi máa dé kíláàsì kẹta, ìlà méjì-méjì ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò lè fi ka iye ọdún tí mo ti lò nílé ìwé.

Ọgbọ́n ni. Ìyá tó ní ọmọ mẹ́rin tí owó kò sì tó nǹkan, kò lè máa rán aṣọ fún ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ nìkan. Ọmọ tó ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ náà ló ń rán aṣọ fún. Mi ò lè bú ọgbọ́n yẹn láéláé. Ṣùgbọ́n kóòtù kò gbà á.

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí mo rí iṣẹ́ àkọ́kọ́, ní 2004, ní ọ́fíìsì kan ní Marina, màámi gba Balogun lọ, ó sì ra kóòtù aláwọ̀ eérú kan wá fún mi. Òun tó ń rán aṣọ fún gbogbo àdúgbò, ẹ̀rù kóòtù bà á láti rán, torí iṣẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ ju ti bùbá àti ṣòkòtò lọ. Ìwọ̀n 44 ni kóòtù náà. Àyà mi nígbà náà jẹ́ ínṣì 38. "Wàá kún un," ló wí, ó sì fọwọ́ tẹ́ ejìká rẹ̀ pẹrẹsẹ fún mi níwájú dígí. Ejìká kóòtù náà gùn kọjá ejìká mi, ó sì ṣubú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí orí òrùlé tí igi rẹ̀ ti jẹrà. Ìka ọwọ́ mi nìkan ló yọ jáde nínú apá aṣọ.

Mo wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀gá kan wò mí nígbà tí ìpàdé fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Ta ló yá ẹ ní kóòtù?" Kò fi bú mi. Ó rò pé mo yá a lóòótọ́ ni, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó ni ín á tètè gbà á padà. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn àga ni kóòtù yẹn ń gbé. Mo máa ń gbé e dání láti ilé, máa fi kọ́ àga, máa tún gbé e dání padà. Màámi kú láìmọ̀ pé mi ò wọ̀ ọ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Owó tó fi rà á, mo mọ iye bùbá tó rán kó tó pé.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ pé, "Ańkù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá kóòtù kan," mi ò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré rárá.

Ní ọ́fíìsì tirẹ̀, wọn kì í wọ súùtù. Jíǹsì àti ṣẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń wọ̀. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ń bọ̀, tàbí bí wọ́n bá fẹ́ rán an lọ bá àwọn ará báǹkì ní Erékùṣù, wọ́n fẹ́ kó ní kóòtù lọ́rùn. Kóòtù tó lè wọ̀ lórí jíǹsì lónìí, lórí ṣòkòtò aláwọ̀ yanrìn lọ́la, tó sì lè wọ̀ lọ síbi ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìjọ ẹni tó ń lọ kí lọ́yà.

Irú kóòtù yẹn yàtọ̀ sí kóòtù súùtù, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ti ń ṣìnà. Ara aṣọ kan náà ni wọ́n ti ń gé kóòtù súùtù àti ṣòkòtò rẹ̀, ìbejì ni wọ́n. Bí o bá fi kóòtù súùtù dúdú tó ń dán wọ jíǹsì, ojú á máa wá ṣòkòtò rẹ̀ kiri, bíi pé ó ya tàbí pé olè jí i. Kóòtù tí à ń wí yìí dá wà ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ kì í dán. O máa rí bí wọ́n ṣe hun òwú rẹ̀ bí o bá sún mọ́ ọn. Ejìká rẹ̀ rọ̀, fọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀ kò nípọn. Àpò rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n rán mọ́ ìta, bí àpò dàńṣíkí. Ìlú Òyìnbó ló ti wá, lọ́wọ́ àwọn olówó tó ń jáde lọ ṣọdẹ ẹyẹ, tó ń gun ẹṣin, ní nǹkan bíi 150 ọdún sẹ́yìn. Ẹṣin yẹn náà ló fà á tí ẹ̀yìn kóòtù fi là nísàlẹ̀ títí di òní: kí ẹni tó jókòó lórí gàárì lè rí ibi tí aṣọ rẹ̀ máa pín sí. Èyí tí wọ́n ń pè ní blazer ní tirẹ̀, ẹgbẹ́ atukọ̀ kan ní Cambridge, Lady Margaret Boat Club tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1825, ni wọ́n sábà ń so orúkọ rẹ̀ mọ́, torí kóòtù tiwọn pupa bí iná tó ń jó.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á bi mí pé kí ni kóòtù àwọn ọlọ́dẹ ilẹ̀ òtútù fẹ́ ṣe lára ọmọ Yorùbá nínú ooru Èkó. Ìbéèrè gidi ni, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mojola Agbebi, oníwàásù Onítẹ̀bọmi, pa orúkọ David Brown Vincent tì ní 1894, ó sì pa aṣọ Òyìnbó tì, aṣọ ilẹ̀ wa ló ń wọ̀ káàkiri. Herbert Macaulay jà fún Èkó ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n nínú àwòrán rẹ̀ tó wà lórí owó náírà 1 tó jáde ní 1979, táì labalábá ló wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn méjèèjì wọ ohun tí wọ́n wọ̀ pẹ̀lú ìdí. Èmi fúnra mi, bùbá àti ṣòkòtò ni mò ń wọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá máa wọ kóòtù, kí kóòtù náà jẹ́ tirẹ̀. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀.

A bọ́ sílẹ̀ ní ojú ọ̀nà Herbert Macaulay ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, kí oòrùn tó mú. Bí o bá fẹ́ ra òkìríkà ní Yaba, kí o tètè dé. Àwọn tó ń tú bẹ́ẹ̀lì máa ń ti òwúrọ̀ tú u, àwọn tó ń rà á láti tún un tà sì ti máa ń dúró dè é. Ìlú Okrika ní Ìpínlẹ̀ Rivers ni wọ́n fi sọ aṣọ náà lórúkọ, torí ọ̀nà omi ibẹ̀ ni wọ́n ní ó ń gbà wọlé nígbà kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń tijú láti sọ pé ibẹ̀ làwọ́n ti ra aṣọ. Èmi ò tijú. Kóòtù gidi, tí ẹni tó ni ín nílùú Òyìnbó wọ̀ ní ìgbà mẹ́ta tó sì sanra, ó wà nínú òkìtì yẹn, owó rẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó tuntun.

Kóòtù àkọ́kọ́ tí ọmọ náà gbá mú, ó wú u lórí gidi. Aláwọ̀ ilẹ̀ ni, ó ní ìlà aláwọ̀ ewé tó ṣe kóló-kòló, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sì ní awọ. Ó ti wọ̀ ọ́ kí n tó sọ nǹkan kan. Mo fọwọ́ kàn án, ó wúwo bí kúbùsù. Aṣọ irun àgùntàn tó ki ni, irú èyí tí wọ́n ń hun fún àwọn tí yìnyín ń bọ́ lé lórí. Mo ní kó gbé etí aṣọ náà sókè sí oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ kankan kò gba ibẹ̀ kọjá. Mo ní kó fẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kó fi ọwọ́ kejì dúró sí òdìkejì. Afẹ́fẹ́ kò kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀, torí nínú ooru tiwa, irú aṣọ tí wọ́n fi rán kóòtù lè mú kí ọmọ kórìíra rẹ̀. Ní oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, ooru Èkó máa ń ju 30 lọ lórí ìwọ̀n Celsius, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì lọ́rinrin bí aṣọ tí a kò fún dáadáa, òógùn kì í tètè gbẹ. Kóòtù tí wọ́n fi pólíẹ́sítà rán á di ike lára rẹ kí o tó dé ibùdókọ̀. Aṣọ ọ̀gbọ̀, èyí tí Bíbélì máa ń dárúkọ, ló ń mú ara tutù jù, ṣùgbọ́n ó máa ń rún. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ kó gbà pé bó ṣe rí nìyẹn. Òwú náà dára. Èyí tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni irun àgùntàn fẹ́lẹ́, tí wọ́n hun ní ihò-ihò. Wọ́n á ní, irun àgùntàn ní Èkó? Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń mí, kì í sì í rún bí ọ̀gbọ̀. Kí o yẹ inú rẹ̀ wò pẹ̀lú. Aṣọ inú tó ń dán yẹn, tí télọ̀ ń pè ní láínìn, bí ó bá bo gbogbo ẹ̀yìn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ooru rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Èyí tí láínìn rẹ̀ mọ sí ejìká àti inú apá nìkan ló dára fún wa.

Bí o kò bá sì gba ohun tí wọ́n kọ sí lébẹ́ẹ̀lì gbọ́, màámi kọ́ mi ní ọ̀nà kan. Fa fọ́nrán òwú kan jáde níbi tí ara aṣọ ti hú nínú, kí o tan ìṣáná sí i. Bí irun tó jó ni irun àgùntàn máa ń rùn, eérú rẹ̀ á sì fọ́ láàárín ìka. Pólíẹ́sítà á yọ́, á di ilẹ̀kẹ̀ dúdú kékeré tó le. Kí o tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ná o.

A fi kóòtù aláwọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀. Èkejì jẹ́ aláwọ̀ búlúù, aṣọ rẹ̀ dára, láínìn rẹ̀ kò dé ìsàlẹ̀. Inú mi ti ń dùn. Mo ní kó wọ̀ ọ́, kó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Níbi tí ejìká ti parí tí apá bẹ̀rẹ̀, kòtò kékeré kan wà níbẹ̀, bíi pé ẹnì kan fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Mo mú ọmọ náà lọ síbi ògiri ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn wa, mo ní kó fi ẹ̀gbẹ́ sún mọ́ ògiri náà díẹ̀díẹ̀. Bí apá rẹ bá kọ́kọ́ kan ògiri, ejìká kóòtù náà bá ọ mu. Bí fọ́ọ̀mù ejìká bá kọ́kọ́ kàn án, kóòtù náà tóbi jù ọ́. Fọ́ọ̀mù ló kọ́kọ́ kàn án, apá ọmọ náà sì ṣì jìnnà tó ìbú ìka méjì.

"Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ò le," ni ẹni tó ń tà á wí. "Télọ̀ á bá yín gé e."

Mo mọ̀ pé kò fẹ́ tàn mí jẹ, ó kàn fẹ́ tajà ni. Ṣùgbọ́n irọ́ tó wọ́pọ̀ jù nínú ọjà kóòtù nìyẹn. Gbogbo ibi tó kù lára kóòtù ló ní àtúnṣe: apá aṣọ ṣe é gé, ìbàdí ṣe é fún mọ́ra, ẹ̀yìn ọrùn tó bá ṣẹ́ po ṣe é yọ díẹ̀. Ejìká ni òpó ilé. Ibẹ̀ ni fọ́ọ̀mù wà, ibẹ̀ ni sítéè tó ń mú aṣọ le wà, ibẹ̀ ni orí apá aṣọ ti wọlé tí ọrùn sì ti jókòó. Bí o bá fẹ́ gé e, o ní láti tú apá méjèèjì, tú láínìn, dín ejìká, kí o tún wá bí o ṣe máa dá apá tó ti tóbi ju ojú ihò rẹ̀ lọ padà síbẹ̀. Télọ̀ tó mọ̀ ọ́n ṣe wà, wọn kò pọ̀, owó tí wọ́n máa gbà á sì ju owó kóòtù lọ. Gígùn kóòtù náà ò ṣe é gé lọ títí, torí bí o bá gé e ju ínṣì kan lọ, àpò rẹ̀ á sún mọ́ ìsàlẹ̀ jù, á dà bí ẹni tí ojú rẹ̀ wà lágbọ̀n.

Ọmọ náà bọ́ ọ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ó ní, "Ańkù, ṣùgbọ́n mọ́mì ní kí n gba èyí tó tóbi." Ibẹ̀ ni mo ti sọ ìtàn kóòtù 44 fún un, níbi tí a dúró sí, tí àwọn tó ń kọjá ń fi ejìká gbá wa. Kò gbọ́ ọ rí. Ó mọ ìyá màmá rẹ̀ bí aránṣọ tó dáńtọ́. Kò mọ̀ pé aránṣọ náà ti ra kóòtù.

A ò rí nǹkan kan mú lọ́jọ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí a gbìyànjú Erékùṣù, kí a wo tuntun. A bọ́ọ́lẹ̀ ní CMS, a sì fẹsẹ̀ rìn gba Broad Street títí dé àyíká Mandilas, níbi tí súùtù àti bàtà ti kún ojú ọ̀nà títí wọ inú Balogun. Àwọn kóòtù tó wà níbẹ̀ tuntun lóòótọ́, wọ́n sì ń dán. Ìṣòro tibẹ̀ yàtọ̀ sí tòkìríkà pátápátá. Gbogbo rẹ̀ ló há. Àwọn ọmọ ìwòyí fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wọ ọ̀kan, ó de bọ́tìnnì rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ níwájú dígí. Láti ibi bọ́tìnnì náà, ìlà mẹ́rin fà jáde bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Ìdí rẹ̀ hàn lẹ́yìn. Mo ní kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó fẹ́ di irin mú nínú ọkọ̀ BRT, gbogbo kóòtù náà sì bá a gòkè títí dé ìgbáròkó.

Mo rò pé nǹkan kan náà ni kóòtù tó há yìí àti kóòtù 44 mi. Màámi ra kóòtù fún ọkùnrin kan tó rò pé mò ń bọ̀ wá dà. Ọmọ náà fẹ́ ra kóòtù fún ọmọkùnrin tín-ín-rín kan tó rí nínú fóònù. Kò sí ẹni tó ra kóòtù fún ẹni tó dúró níwájú dígí. Ó ní ejìká tó fẹ̀, ó sì ní àyà, ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù láti kékeré. Kò jẹ́ tín-ín-rín rí. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀, mo sì rí i pé ó gbọ́, torí ó tú bọ́tìnnì náà fúnra rẹ̀.

Bí kóòtù bá bá ọ mu, ó yẹ kí o lè fi ìkúùkù rẹ sáàárín bọ́tìnnì àti ikùn láìfi ipá ṣe é. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ yẹ kó sùn mọ́ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, kó má ya ẹnu. Kó bo ìdí. Apá rẹ̀ kó dúró níbi ọrùn ọwọ́, kí ṣẹ́ẹ̀tì yọ níwọ̀n bí ìdajì ínṣì. Kòtò abẹ́ abíyá ni àwọn ènìyàn kì í wò. Wọ́n rò pé bó bá ṣe jìn tó ni ọwọ́ á ṣe rí àyè tó, bẹ́ẹ̀ sì ni òdìkejì ló rí. Bí ihò apá bá sún mọ́ abíyá, ọwọ́ rẹ nìkan ló máa gbéra. Bó bá lọ sísàlẹ̀ jìnnà, gbogbo kóòtù ló máa bá ọ gbéra.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, Yaba ni a padà sí. Ẹni tó fẹ́ tajà fún wa lọ́jọ́ kìíní dá mi mọ̀. "Ẹ̀gbọ́n ejìká!" ló fi kí mi. Ó ti kó mẹ́ta pamọ́ dè wá lórí hángà. Mo wo nọ́ńbà wọn. Ọ̀kan jẹ́ 52, ìyẹn ti kọjá tirẹ̀. Nọ́ńbà ilẹ̀ Yúróòpù ni irú rẹ̀. Bí o bá yọ 10 kúrò nínú rẹ̀, o ti rí ínṣì àyà tí wọ́n ń kọ sára ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà: 48 ni 38, 50 ni 40. Èkejì jẹ́ 40S, ọmọ náà sì fẹ́ fi í sílẹ̀ torí ó rò pé S túmọ̀ sí kékeré. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lára kóòtù. Ènìyàn kúkúrú ni S ń wí, R ni ti ẹni tó wà láàárín, L ni ti ẹni gíga. Ẹ̀kẹta ni 40R, búlúù tó jinlẹ̀, irun àgùntàn tí wọ́n hun ní ihò-ihò, àpò mẹ́ta tí wọ́n rán mọ́ ìta. Mo gbé e sí oòrùn, mo rí ojú ọmọ náà láti òdìkejì.

Ó wọ̀ ọ́. Mi ò ní kó lọ síbi ògiri, òun fúnra rẹ̀ ló lọ. Apá rẹ̀ ló kọ́kọ́ kàn án.

Apá kóòtù náà gùn jù ní ínṣì kan, ìbàdí rẹ̀ sì fẹ̀ díẹ̀. Kò sí ìyọnu. Mo fi ìka méjì fún iwájú rẹ̀ nísàlẹ̀ ihò bọ́tìnnì, mo rọra fa aṣọ ìta àti aṣọ inú yà kúrò lára wọn, mo sì gbọ́ aṣọ kẹta tó ń rìn láàárín. Ìyẹn ni pé kì í ṣe gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ inú rẹ̀ pọ̀. Èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, bí áyọ́ọ̀nù gbígbóná bá kàn án léraléra, iwájú rẹ̀ máa ń wú bí awọ tí omi gbígbóná jó. Ẹni tó ń tà á pè é ní ₦18,000, a san ₦14,000.

Télọ̀ tó gba ṣọ́ọ̀bù màámi ní Ṣómólú la gbé e lọ bá. Ọ̀dọ̀ màámi ló ti kọ́ṣẹ́, ó ti di àgbàlagbà báyìí, ẹ̀rọ àtijọ́ màámi náà ló ṣì ń tẹ̀. Ó yí ẹnu apá kóòtù náà sóde. Ó wo bọ́tìnnì mẹ́rin tó wà níbẹ̀, ó rí i pé ihò wọn kò là, ọ̀ṣọ́ lásán ni, ó sì mí kanlẹ̀: bí wọ́n bá là lóòótọ́ ni, kì bá ṣe é gé láti ìsàlẹ̀. Ó fi orí abẹ já òwú kọ̀ọ̀kan. Ó fa láínìn sẹ́yìn, ó sì pè wá kí a wá wò ó. Ẹni tó rán kóòtù náà ní ibi yòówù kó wà láyé ti ká aṣọ tó tó ínṣì kan àti ààbọ̀ pamọ́ sínú ẹnu apá, ó sì tún fi bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí ẹ̀yìn, ní ojú rírán àárín. Aṣọ inú yẹn dúdú ju ti ìta lọ. Oòrùn kò tíì kàn án rí.

Mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Télọ̀ náà fi ìka tọ́ ọ, ó ní, "Bí ọmọ yìí bá sanra lọ́jọ́ iwájú, ẹ gbé e padà wá. Àyè wà." Mo ní kó má gé nǹkan kan dànù lára rẹ̀, kó kàn ká a wọlé. Ó ní irú ìyẹn náà ni màámi ì bá sọ.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò ní wàhálà. Kó máa fi hángà tó nípọn lẹ́jìká kọ́ ọ, má fi ìṣó kọ́ ọ. Kó má rẹ ẹ́ sínú omi. Búrọ́ọ̀ṣì ló nílò, kó sì máa sinmi lọ́jọ́ kan bí wọ́n bá ti wọ̀ ọ́. Fi aṣọ tó tutù díẹ̀ lé e lórí kí o tó lọ̀ ọ́. Bọ́tìnnì ìsàlẹ̀, a kì í dè é.

Ní ọjọ́ tí a lọ gbà á, ó wọ̀ ọ́ sórí ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti jíǹsì, mo sì ya fọ́tò rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó pè lójú ẹsẹ̀. "Ṣé kò há mọ́ ọn báyìí?" Mo ní kò há. Ó dákẹ́, mo sì mọ̀ pé ó ń fi ìka fẹ fọ́tò náà sí i, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ejìká bàbá rẹ̀ ló ní. Mi ò tíì rí i bẹ́ẹ̀ rí."

Òjò ti ń ṣú lọ́wọ́ Bàrígà. Ọmọ náà bọ́ kóòtù rẹ̀, ó yí láínìn rẹ̀ sóde, ó fi kọ́ apá, ó sì sáré lọ síbi ibùdókọ̀ kí ìkán rẹ̀ àkọ́kọ́ tó kán.